Ẹyọ Kan Nínú Páálí Kejìdínlógún

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn náà dé. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó di ìgbálẹ̀ mọ́ àyà.

“Ọ̀gá, Ìyá Àyẹ̀wò ti lọ o. Láàárọ̀ yìí ni. Ọkọ wọn ló ní kí wọ́n wá sọ fún wa.”

“Háà! Ìyá Àyẹ̀wò!” Ọ̀gá náà káwọ́ lérí. Ó sọ gbogbo ohun tí ènìyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ti pa ilẹ̀kùn dé, ó fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀, ara sì tù ú wọ̀ọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, òǹkàwé, ara tù ú. Obìnrin tó ti bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní kú, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òkú kì í rojọ́.

Ọ̀gá Kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kíá kò sí nínú rẹ̀. “Ẹ jó o pọ̀ kíá. Ẹ dì í kíá.” Yàrá kan tó háyà ló ti bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì méjì, gílóòbù kan, àti Ìyá Àyẹ̀wò, àgbàlagbà obìnrin tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ yẹ inú rédíò wò fún àwọn tó ń tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń dè é mọ́, lókè ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bí ó bá fẹ́ tẹ bíréèkì. Bí awakọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, nǹkan kékeré yìí ni yóò sọ fún iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ pé kó tàn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ará iwájú fẹ́ dúró.

Ọdún méjì gbáko ni Ọ̀gá Kíá fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ọkọ̀, kí wọ́n tó gbà láti máa ra tirẹ̀. Wọ́n fún un lófin kan. Kí páálí kan tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ààrò oníná fún odindi ọ̀sán kan àti òru kan, kí wọ́n kó o bọ́ sínú ẹ̀rọ amúǹkantutù, kí wọ́n sì wá dán an wò. Ẹni tó dán an wò ni yóò tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sára ìwé. Òǹtẹ̀ Ìyá Àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n sì mọ̀.

“Ìyá, ṣé ẹyin lẹ ń sàba lé lórí ni?” Bí Ọ̀gá Kíá ṣe máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, bó bá ti rí i lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Adìẹ tó bá kánjú dìde, òórùn ló máa pa, kì í ṣe ọmọ.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ní bí ìyá yìí bá dé ẹnu bodè ọ̀run, á kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ wò kó tó wọlé. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní ìwà kan. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ó máa ń mú ẹyọ kan, á fi sínú àpòòwé kékeré, á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà páálí náà àti ohun tó rí sí i lára, á wá tò ó sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá rìnrìn àjò, ó yẹ kí nǹkan rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sílé.

Páálí kejìdínlógún ló dá wàhálà sílẹ̀. Òjé tí wọ́n fi lẹ inú rẹ̀ pọ̀ kò dára. Nínú ooru, ó là. Nínú mẹ́wàá tí ìyá náà dán wò, mẹ́rin kò tan iná. Ó gbé páálí náà, ó gbé e ka orí tábìlì ọ̀gá rẹ̀.

“Ọmọ mi, èyí ò yege.”

“Ìyá, ọ̀túnla ni wọ́n ń retí ẹ̀!”

“Kí wọ́n máa retí. Ẹni tó ń retí ò tíì kú.”

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀gá Kíá kò lè wo ojú náà pẹ́. “Ó dáa,” ló wí. “Màá sun ún.”

“Ṣé o ṣèlérí?”

“Mo ṣèlérí, Ìyá.”

Ìyá náà gbá a léjìká jẹ́jẹ́, ó sì lọ sílé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì padà síbi iṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta tí kò wá, Ọ̀gá Kíá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sára ìwé páálí kejìdínlógún, ó sì fi páálí náà ránṣẹ́. Oṣù márùn-ún ni ìyá náà fi wà lórí ibùsùn. Ọ̀gá Kíá kò lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú wo ni ì bá fi wò ó?

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìròyìn ikú yẹn, lẹ́tà ti wá láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Iná ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan kì í tàn mọ́. Olùkọ́ kan tẹ bíréèkì lójú títì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí iná, ó kọlù ú láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ olùkọ́ náà sì kán. Wọ́n ti tú ọkọ̀ náà wò: páálí kejìdínlógún ni. Wọ́n ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ náà.

Wàyí o, ẹni náà ti kú. Ọ̀gá Kíá mú bébà, ó kọ ọ́ pé obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn wò ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, obìnrin náà ló tẹ òǹtẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n forí jin òkú. Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò àyà rẹ̀. Nígbà náà ló rántí dúrọ́ọ̀. Ó ka àwọn àpòòwé inú rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ìkejìdínlógún kò sí níbẹ̀.

Nítorí àpòòwé yẹn ló ṣe lọ kí wọn kú aráfẹ́rakù lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe nítorí òkú.

Káfíńtà ni ọkọ ìyá náà, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìnkùlé ló bá a, ó ń fi bébà oníyanrìn họ pákó funfun kan kó lè dán. Pósí ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíì kàn án.

“Jókòó, ọmọ mi. Má wo ti ìdọ̀tí. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, ọ̀gá mi ò tíì wá? Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ní, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ o, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu.”

Ọ̀gá Kíá wolẹ̀. “Bàbá, ṣé... ṣé wọn ò fi nǹkan iṣẹ́ kankan sílẹ̀? Bí àpòòwé kékeré kan báyìí?”

Bàbá náà ju bébà sílẹ̀. “Ó mọ̀ pé wàá bèèrè!”

 Bàbá wọlé, ó mú àpòòwé náà jáde láti inú Bíbélì ìyàwó rẹ̀. “Ó ní ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ ni kí n fi lé.”

Ọ̀gá Kíá ń retí ẹ̀sùn. Ohun tó kà nìyí, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ̀ dáadáa:

“Páálí kejìdínlógún. Kò yege. Mo gbé e fún ọ̀gá mi, ó sì gbà láti sun ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Olúwa, o ṣé. Má gbàgbé oore yìí fún un.”

“Ó ní ọjọ́ ńlá lọjọ́ yẹn láyé ẹ,” ni bàbá náà ń sọ. “Ó ní ẹni tó lè sun iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ nítorí ẹni tí ò mọ̀ rí, ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ní àràárọ̀ ló ń fi orúkọ ẹ sádùúrà.”

Ọ̀gá Kíá kò mọ bí òun ṣe dé inú ọkọ̀ òun. Kòtò omi ìdọ̀tí wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bó bá ju àpòòwé náà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì láti gbéra. Nínú dígí, ó rí iná pupa tó tàn sára ògiri ilé bàbá arúgbó náà. Ó gbé ẹsẹ̀, iná kú. Ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Olùkọ́ yẹn náà tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́.

Ìtìjú bò ó bí aṣọ tutù. Ó pa ọkọ̀, ó padà sẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ sínú eérún pákó.

“Bàbá, mi ò sun ún.” Ó sì na lẹ́tà inú àpò àyà rẹ̀ sí i.

Bàbá náà kà á tán. “Ojú ẹ̀ ò ríran mọ́? Ojú tó fi ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá?” Ó ju lẹ́tà náà sílẹ̀. “Dìde níwájú mi.”

Kò dìde. Bàbá náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ pákó, ó họ ọ́, ó họ ọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀.

“Ọwọ́ ń yún mi láti gbá ọ,” ló sọ níkẹyìn, láìwẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé lọ́run, ìyàwó mi á bi mí léèrè. Gbọ́. O fẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi ẹ, o sì jí òǹtẹ̀ ẹ̀ láti fi ṣe é. Kò lè rù ú. Òun náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n bá a rù. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí gbogbo ohun tó wà nínú páálí wa, tó mọ̀ pé kò yege, tó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí òun lọ́rùn. Òun ni wọ́n kàn mọ́ igi.”

“Ṣé á gba irú mi, Bàbá?”

“Bí kò bá gba irú ẹ, irú ta ló wá fún?”

Àdúrà Ọ̀gá Kíá kò gùn. “Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe òun. Èmi ni. Ṣàánú mi.” Ó sọ ọ́ títí ẹkún fi gba ẹnu rẹ̀. Bàbá náà gbé ọwọ́ tó kún fún eruku pákó lé e lórí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé àpòòwé náà síwájú àwọn olùbẹ̀wò, ó sì sọ bí ó ti rí. Wọ́n pe àwọn ọkọ̀ náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà tilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọn kò ra tirẹ̀ mọ́. Níbi ìsìnkú, ó tún un sọ lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òǹtẹ̀ yẹn ba orúkọ òkú jẹ́. Ó lọ bá olùkọ́ náà. Olùkọ́ wo ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ní, “Mo ti gbọ́. Máa lọ.” Ó lọ. Nígbà tí oṣù yí po, ó tún padà lọ kí i.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Orúkọ ta ni o ń tẹ̀ sórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ? Ṣé ìyàwó rẹ ni, tàbí ọ̀gá rẹ, tàbí òbí kan tó ti sùn tí kò lè fọhùn mọ́? Bóyá ẹnì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí nítorí ohun rere tó gbà pé o ṣe, tí o kò sì ṣe é. Má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú bá ọ níbẹ̀. Ẹni tó ru ẹ̀bi rẹ kò jìnnà sí ọ. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri. Sọ fún un níbi tí o wà yìí pé, “Olúwa, èmi ni,” kí o sì gbà á gbọ́ pé ó ti san án. Lẹ́yìn náà, dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

Yàrá kan pẹ̀lú tábìlì méjì ni Ọ̀gá Kíá tún fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ohun inú páálí kọ̀ọ̀kan ń wà nínú ààrò ní ọ̀sán kan àti òru kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jókòó tì í. Bí ó bá ti jáde, ó máa ń mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, á fi sínú àpòòwé kékeré, á mú kùkùté pẹ́ńsù ìyá náà tó kù, á kọ nọ́ńbà páálí àti ohun tó rí, á sì tò ó sínú dúrọ́ọ̀, lẹ́yìn àwọn ti ìyá náà.