Aṣọ Ìyàwó ní Ìjókòó Ẹ̀yìn

"Sáré, Jẹ́jẹ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa wọ aṣọ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu àǹtí rẹ̀ tí ọkọ̀ fi bọ́ sí kòtò kékeré kan.

"Rọra o. Ṣé o fẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ gún ara mi ni?"

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé kì í kánjú ṣe nǹkan. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tó gba ìwé ìwakọ̀ tí àǹtí rẹ̀ aránṣọ fi sọ ọ́ di awakọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí tẹ́ aṣọ ìyàwó funfun sórí itan ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún oníbàárà láti àná pé aṣọ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ọkùnrin ló jókòó níwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíì, kò sí ohun tí kò mọ̀.

"Kọjá lára tírélà yìí jàre."

"Òkè là ń gùn, Bọ̀dá. Mi ò rí iwájú."

"Èmi rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Mo rí ìgbín tó ti kọjá wa."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Kọjá ẹ̀, ọmọ mi. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jẹ́jẹ́ lára. Ó tẹná mọ́ ọkọ̀, ó yọ imú rẹ̀ síta. Bọ́ọ̀sì kan yọ lókè, ó ń fun fèrè gbọọrọ. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí sọra kó tó sá padà sẹ́yìn tírélà.

Nígbà tí wọ́n gun òkè náà tán, ó yà síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa, ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Àǹtí, ẹ rán aṣọ yín tán. Bọ̀dá, ẹ sọ̀rọ̀ yín tán. Tí ẹ bá ṣe tán, a ó máa lọ. Mi ò lè máa gbọ́ ẹnu méjì kí n tún máa wo títì."

"A máa pẹ́ o."

"A máa pẹ́, Àǹtí. A sì máa dé."

Àǹtí pòṣé, ó padà sídìí abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó já òwú. Ó fa aṣọ ìyàwó, síkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó rán nígbà tí ọkọ̀ ń mì ló ti rán pọ̀ mọ́ aṣọ ara rẹ̀. Ká ní wọ́n sáré dé ibẹ̀ tó sì fò sílẹ̀ ni, aṣọ ìyàwó ì bá ti ya. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àǹtí wò ó, ló bá gbé ẹ̀rín náà mì. Àǹtí tú u, ó tún un rán tán kí wọ́n tó máa lọ.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n tó dé. Ìyá ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá ni?"

"Èmi ni mo jẹ̀bi, Mà," ni Àǹtí wí. "Mi ò parí aṣọ lánàá, mo wá ń lé ọmọ yìí léré. Òun ló jẹ́ kí n dé láàyè."

Jẹ́jẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ni ìpinnu. Èrò ọkọ̀ lè fini ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n lè bínú, ṣùgbọ́n tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó máa béèrè ẹni tó ní kéèyàn sáré.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Ẹ̀gbọ́n la ẹnu ní oríta àkọ́kọ́.

"Panu mọ́," ni Àǹtí wí. "Ọmọ ń wakọ̀."