Ọmọ Odó Kejì

Ìró ọmọ odó méjì ni Tóyìn máa ń gbọ́ lọ́sàn-án láti ẹ̀yìnkùlé Yèyé Micah, bẹ́ẹ̀ Yèyé nìkan ló ń gbé ilé náà. Ẹni tó bá ti gún ìyán rí mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń dá gún un, á dún, á dákẹ́ díẹ̀, á tún dún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ méjì, kò sí àyè láàárín: bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ti ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣe ń dún nìyẹn. Láti ìgbà dé ìgbà, ọ̀kan nínú wọn á fi orí ọmọ odó kan etí odó: kó. Yèyé sì rèé, àìsàn ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ rọ.

Ní Iléṣà ni, lọ́dún 1994. Tóyìn, ọmọ Alekuwodo ní Òṣogbo, àti ọkọ rẹ̀, Bọ́lárìnwá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò náà ni. Bọ́lárìnwá wà ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Màmá Nehemiah, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Màmá yìí kò pe Tóyìn ní ìyàwó rí. "Ọmọ Òṣogbo" ló ń pè é, nítorí kò mọ ìyán gún.

Àánú apá Yèyé ló mú kí Tóyìn máa bá a ra kẹrosíìnì, kí ó máa bá a pọnmi, kí ó sì máa bá a ru iṣu láti ọjà. Nọ́síràtù, aránṣọ àdúgbò wọn, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́? Ta ló ń bá a gún ìyán?"

Tóyìn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó rọra bi Yèyé.

"Yèyé, ẹ má bínú. Ta ló ń bá yín gún un?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni," ni Yèyé dáhùn. "Ó ti pẹ́ tó ti lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n dá gún un. Tìrẹ ńkọ́? Ìyán tó kún fún kókó bí ojú ẹni tó yọ irorẹ́!"

Tóyìn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Yèyé ti di olùkọ́ rẹ̀, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má tíì bu omi sí i. Kọ́kọ́ gún iṣu náà kí ó fọ́ tán. Bí omi bá tètè dé, kókó á sá pamọ́."

Kò pẹ́ tí Màmá Nehemiah ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ọmọ Òṣogbo dá gún ìyán. Bí òun bá fi eyín kan kókó, òun kò ní pè é ní ìyàwó títí tí òun yóò fi kú.

Lọ́jọ́ náà, Tóyìn gbé iṣu jíjinná lọ sídìí odó Yèyé. Ọmọ odó kejì fara ti ògiri. Yèyé jókòó, ó gbé apá rẹ̀ tó rọ lé itan.

"Lónìí, n kò ní fọwọ́ kàn án."

Tóyìn bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí i lójú nígbàkígbà tó bá gbé ọwọ́ sókè. Ìró kejì sì wọlé.

"Má gbójú sókè," ni Yèyé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má dúró."

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí gbà! Màmá Nehemiah ti gbọ́ ọ láti pálọ̀ Tóyìn.

"Mo mọ̀! Mo ní kí o dá gún un, o lọ háyà ènìyàn!"

Ó wo ìdí odó. Tóyìn nìkan ló wà nídìí odó, ìró méjì sì ń dún. Kó.

"Adéyọrí ló máa ń kan etí odó báyìí," ni Màmá Nehemiah wí. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Bọ́lárìnwá."

"Níbí ni èmi àti ẹ̀ ti máa ń gún un," ni Yèyé fèsì.

Tóyìn dúró, ó gbé ọmọ odó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Nehemiah rìn lọ síbi ògiri, ó fọwọ́ kan orí ọmọ odó kejì. Ìyán gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọn. Ó padà wá, ó bu òkèlè nínú odó, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ahọ́n wá kókó. Kò rí i.

Tóyìn nàró, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ìyàwó wa," ni Màmá Nehemiah wí, "o ṣeun."

Kò sí ẹni tó di ọmọ odó kankan mú nígbà náà.

Kó.