Obìnrin Aláṣọ Funfun

Ghislaine gbé fóònù lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò ti fíìmù náà síwájú. Obìnrin kan ń pọn omi, ó tì í síwájú. Obìnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan, ó tún tì í. Irú fíìmù wo tilẹ̀ lèyí? Kò sí ìjà, kò sí eré sísá, àfi obìnrin ará Íńdíà kan tó ń wojú ọ̀nà ṣáá.

"Ghislaine! Ṣé o máa jáde ni, àbí kí n máa lọ?"

Prudence ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo lẹ́yìn ọgbà, lórí alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kétu ni wọ́n fẹ́ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀ o. Wọ́n kàn fẹ́ lọ ni.

"Dúró dè mí! Ó ku fíìmù kan tí mi ò tíì wò tán. Ti Íńdíà. Ó ń falẹ̀ bí ìgbín!"

Prudence bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa mọ̀ bóyá o wò ó tán? Nínú gbogbo àwọn ìyá tó máa wá síbẹ̀ lọ́la, èwo ló gbọ́ èdè Íńdíà?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Géraud, ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́, kó fíìmù oríṣiríṣi ilẹ̀ wá sí Idigny, ìlú wa: ti Japan, ti Brazil, ti Mali, ti Iran, àti ti Íńdíà yìí. Ní ọ̀sán, wọn a fi tapólì dí fèrèsé gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́, kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ Faransé ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ wa ló lè kà á? Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé ìwé kan fi ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí wọ́n nà sára ògiri fún àwòrán, tí yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní èdè wa.

Géraud sì ti ṣèlérí. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa jù ni yóò bá a yí gbogbo ilẹ̀ Kétu ká nígbà ìsinmi, títí dé Kútọnu. Ghislaine àti Rachidi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n jọ ń du ipò náà. Háà, Ghislaine fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ! Àgbàdo sú u, ẹ̀gẹ́ sú u, ọ̀nà oko kan náà láràárọ̀ sú u. Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ ni ọ̀rọ̀ òun àti Idigny. Bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ báyìí, àyà rẹ̀ a sọ kúlú.

"Wò ó tán o," ni Géraud sọ nígbà tó fi fíìmù náà sórí fóònù Ghislaine. "Má fò ó."

Ghislaine tún tì í síwájú. Obìnrin náà ti wọ aṣọ funfun báyìí. Àwọn obìnrin dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ń sunkún, wọ́n ń mú un jáde nílé. Hẹn-ẹn! Ìyàwó mà ni! Ibo ni ìyàwó kì í ti í sunkún? Lọ́dọ̀ tiwa, èyí tí kò bá sunkún kúrò nílé bàbá rẹ̀, wọn a máa sọ ọ́ lẹ́yìn pé ojú ọkọ ti ń kán an tipẹ́. Ghislaine pa fóònù, ó fò gun alùpùpù.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Tátà Rosalie, àbúrò ìyá Ghislaine, wà níwájú. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sì tíì jáde lọ síbi tí èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Ìyá Ghislaine ló bẹ̀ ẹ́ pé, "Wá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ni Ghislaine bá ń fi tirẹ̀ kún un. Ó ní àfẹ́sọ́nà ni obìnrin náà ń retí. Nígbà tí ọkùnrin kan sáré wá sọ nǹkan sí i létí, Ghislaine ní, "Ó ń sọ fún un pé àwọn àna ti gbéra!" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Géraud kò sí nínú gbọ̀ngàn láti gbọ́, ìdí ẹ̀rọ iná tó ń ṣe ségesège níta ló wà.

Obìnrin náà yọ nínú aṣọ funfun.

"Ẹ wo ìyàwó!" ni Ghislaine kígbe. "Ó ń sunkún nítorí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá wa sìn ín!"

Ó tán! Àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbé orin ìyàwó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Tátà Rosalie náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Orí Ghislaine wú, ó ti rí ara rẹ̀ ní Kútọnu.

Ni àwọn ọkùnrin bá gbé òkú yọ lójú àwòrán. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi tí wọ́n máa fi sun ún létí odò, obìnrin aláṣọ funfun sì ṣubú lé e lórí. Orin dá lẹ́nu àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń jó, títí ẹnì kan fi ní kí wọ́n dákẹ́.

"Sọ pé ọkọ ìyàwó ló kú lójijì!" Prudence, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

Irọ́ náà ti dé ẹnu Ghislaine. Ìbá sì wọlé o, ta ni yóò já a? Ṣùgbọ́n Tátà Rosalie ń wò ó.

"Ghislaine, ọkọ rẹ̀ ni, àbí?"

 Bó bá sọ òtítọ́, Kútọnu lọ nìyẹn.

"Ọkọ rẹ̀ ni, Tátà. Kì í ṣe ìyàwó, opó ni, aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀. Mi ò wo fíìmù yìí tán. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín."

"O mú wa jó níwájú òkú!" Bàbá Ògúndìran, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, figbe bọnu.  Tátà Rosalie ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó jáde, ìyá Ghislaine sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Géraud tó ti wọlé dé gba míkírò tó fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ghislaine, ó nà án sí Rachidi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Géraud máa lọ, Ghislaine lọ bá Tátà Rosalie. Tátà ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún. Tátà bó ẹ̀gẹ́ kan tán kó tó gbójú sókè.

"Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Sí ta ni, Tátà?"

"Obìnrin yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n sun ọkọ rẹ̀ tán. Báwo ló ṣe ń gbé?"

 Títí di òní, Ghislaine kò tíì wò ó dé ibẹ̀. Ojú tì í ju ti inú gbọ̀ngàn lọ.

"Mi ò mọ̀, Tátà."

"Jókòó. Mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n wò ó lórí fóònù Ghislaine láti ìbẹ̀rẹ̀. Ghislaine ń ka Faransé náà, ó ń sọ ọ́ bó ṣe wà, kò fi ẹyọ kan kún un. Níbi tí kò sí ọ̀rọ̀, òun náà a dákẹ́. Tátà ń wò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé ara rẹ̀.

Fíìmù kò tíì parí tí ọkọ̀ Géraud fi fọn fèrè lójú títì. Rachidi ń bá a lọ. Àyà Ghislaine sọ kúlú, ẹsẹ̀ ń yún un, ó fẹ́ dìde kó kúkú rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nìkan.

"Kí ló sọ?" Tátà béèrè, ó nawọ́ sí ojú fóònù.

Ghislaine jókòó padà. "Ó ní òun máa gbin nǹkan sí oko ọkọ òun."

Ìgbà yẹn ló yé e. Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fáyé gbọ́, kó kọ́kọ́ ní sùúrù gbọ́ ọ títí dópin. Ẹni tí kò dúró gbọ́, ẹkún ẹlẹ́kún ni yóò máa jó sí.