Ìlà Ilé Kẹtàdínlógún

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe àlá ẹnikẹ́ni. Ẹni mẹ́ta ló ṣojú wọn, kò sì sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn.

Ojú-Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará ibiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ohun tí ojú ẹlòmíì bá fò, tirẹ̀ kì í fò ó. Lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ̀gá ti ní tó bá di aago mẹ́rin, òun á fún Bàbá Wáyà ní ìwé gbélé-ẹ.

Bàbá Wáyà ló kọ́ obìnrin yìí níṣẹ́. Òun náà ló fa wáyà sí àdúgbò kan tó ní igba ilé. Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé náà á kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, á tún jí. Wọ́n ní iṣẹ́ jákujàku ni bàbá ṣe.

"Ọmọ mi, fi sílẹ̀," ni bàbá wí. Àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. "Mo ti gbà fún Ọlọ́run."

"Bàbá, aago mẹ́rin ò tíì lù."

Kọ̀ǹpútà náà máa ń fa ìlà fún módẹ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, á sì tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bí ariwo, ìyẹn ohun tó ń da íńtánẹ́ẹ̀tì rú, bá pọ̀ lórí wáyà, ìlà á gòkè. Ìlà wọ̀nyí lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò tú. Nítorí náà, àṣà ibiṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìlà àwọn módẹ̀mù tí wọ́n ti já kúrò dànù, kí ojú lè ríran. "Òkú" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ojú-Abẹ́rẹ́ náà ti yọ òkú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárọ̀ yẹn, kò rí nǹkan kan.

Ó dáwọ́ dúró. Ta ló tiẹ̀ ní ká máa yọ wọ́n?

Ló bá yọ àwọn alààyè.

Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́ lójijì. Ìlà kan ṣoṣo ló kù tó ń mira: ti ilé kẹtàdínlógún. Lójoojúmọ́, bó bá ti ku ìṣẹ́jú kan kí àdúgbò kú, ìlà náà á gòkè.

"Kò sẹ́ni nílé yẹn," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi ni mo tú módẹ̀mù wọn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó wà ní sítọ̀ níbí."

Wọ́n pe Ọ̀gá. Àwọn mẹ́ta wọ sítọ̀. Eruku bo páálí tí bàbá tọ́jú rẹ̀ sí, kò sí àmì ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Módẹ̀mù inú rẹ̀ ń gbóná.

Wọ́n gbé e sórí tábìlì kọ̀ǹpútà. Kò sí wáyà lára rẹ̀, kò sí iná. Aago ara ògiri ń dún kẹ́, kẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, gílóòbù kékeré iwájú rẹ̀ tàn.

"Yéè!" Ọ̀gá fẹ̀yìn kan ilẹ̀kùn.

Ìlà ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé módẹ̀mù náà. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ló bá fi ọ̀wọ̀ kún un.

"Ẹ má bínú. A ti rí yín."

Ìlà rọra wálẹ̀. Iná kú. Ìṣẹ́jú kẹwàá dé, ó kọjá. Wọ́n ka igba ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkankan ò kú.

Ojú-Abẹ́rẹ́ hó yèè! Ó dì mọ́ bàbá, àpò irinṣẹ́ já bọ́, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Ọ̀gá fa ìwé gbélé-ẹ náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ foríjì mí."

"Dìde, jàre. Ṣé o ti wá rí i pé wáyà mi ò lẹ́bi?"

Láti ọjọ́ náà, àdúgbò yẹn ò kú mọ́, ẹnikẹ́ni níbiṣẹ́ kì í sì í yọ òkú kó tó wò wọ́n. Bàbá Wáyà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Módẹ̀mù náà wà lórí tábìlì. Bó bá ti di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, iná rẹ̀ á tàn. Bàbá á ṣí fìlà.

"Ẹ káàsán o."

Iná á kú.