Bíréèkì Tó Ń Ta Sánsán

Tíì tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bù sí kọ́ọ̀pù kò tíì tutù tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fi já wọ ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, tó tẹ gbogbo òdòdó mọ́lẹ̀, tó sì dúró gẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ló wà nídìí ọkọ̀. Kò fara pa rárá, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ.

"Mẹkáníìkì yẹn fẹ́ pa mí! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún bíréèkì yìí ṣe. Kò tún ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé mi mọ́. Ẹ bá mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa!"

Èéfín ń rú níbi táyà iwájú lápá òsì. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa imú. Imú-Ajá ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà kì í sì í bí i nínú. Láàárín òórùn rọ́bà tó jóná, ó gbọ́ òórùn dídùn kan, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mi igi ilé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ojú rẹ̀ fà ro. Owó àtúnṣe bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn òbí bá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni bíréèkì ti bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

"Gírísì wo lo fi sí i?" ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi í.

"Ti bíréèkì ni, ọ̀gá. Òun ló bá rọ́bà àti ooru mu. Ọ̀rá tí wọ́n bá fi epo rọ̀bì ṣe a máa mú rọ́bà wú. Rọ́bà bá wú tán, irin tó yẹ kó máa rìn síwá-sẹ́yìn á há, bíréèkì á di táyà mú, kò ní jù ú sílẹ̀, ọkọ̀ á sì ya bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká tú u wò! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Wọ́n tú u. Rọ́bà apá òsì ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń yọ lẹ́nu. Ti apá ọ̀tún dá ṣáká, gírísì funfun ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní òórùn kankan.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọrí sílé ìyá ọ̀gá. Bó ṣe di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ló já sí i lọ́wọ́.

"Àná ni mo tún un ṣe," ni ọkọ ìyá ọ̀gá wí. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àtúnṣe ló wá kù tó ń ṣe kiri ilé.

"Ǹjẹ́ ọkọ̀ yìí ń dún tẹ́lẹ̀, ìyá?"

"Ó ń han lápá òsì. Mo ráhùn títí, ó kàn dákẹ́ lójijì ni." Ó họ apá. "Ẹ má bínú, awọ mi gbẹ. Ìpara mi ṣàdédé tán."

Bàbá gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ẹ mú mẹkáníìkì yẹn jàre. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté pe ológbò níjà."

Nírọ̀lẹ́, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó gbogbo wọn jọ sí àgọ́. Ó fajú ro.

"Ẹnìkan fọwọ́ kan bíréèkì yìí lẹ́yìn mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ba bíréèkì ọmọlàkejì jẹ́, ìpànìyàn ló ń gbèrò. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni màá kọ."

Bàbá fò dìde. "Ìpànìyàn kẹ̀? Ìpara ni! Ìpara lásán ni, ọ̀gá!"

Gbogbo ojú yí sí i.

"Bàbá," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí pẹ̀lẹ́, "ta ló dárúkọ ìpara nínú bíréèkì? Èmi nìkan ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Apá kan ṣoṣo ló wú, a jẹ́ pé kì í ṣe mẹkáníìkì. Apá yẹn náà ló ń han tẹ́lẹ̀. Ìyàwó yín ń họ ara, ẹ̀yin sì ń wo àjà."

"Olówó orí mi," ni ìyá ọ̀gá wí, "ìpara mi?"

"Mo rí gírísì tí mẹkáníìkì lò. Ó funfun, ó ń dán. Mo ní ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ yé han, kó o sì yìn mí ni."

"Ọ̀rá epo rọ̀bì ló wà nínú ìpara yẹn. Bí ẹ ṣe fi sí i, àṣìṣe ni," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, inú sì ń bí i díẹ̀. "Àmọ́ ẹ dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ọmọlọ́mọ pa. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́la, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ lójú gbogbo òbí. Ẹ sì máa tún òdòdó wa gbìn."

Ìyá ọ̀gá di ọwọ́ mẹkáníìkì mú, ojú tì í. "Dákun, ọmọ mi. Bọ́ọ̀sì ń dúró dè ọ́ láàárọ̀ ọ̀la." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ayọ̀ kún inú mẹkáníìkì dé ọrùn. Ó yọ agolo gírísì bíréèkì lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí bàbá.

"Ẹ gbà, bàbá, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀. Àmọ́ tí awọ ìyá bá tún gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ra wọ́n lára o!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, igi àgọ́ ọlọ́pàá sì mì tìtì.