Akin Èbúté Kò Gbọdọ̀ Jí

Ẹkún rẹ̀ ni Maro kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí bẹ́ńṣì oníbúrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Coconut, láàárín tírélà méjì, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti bùláòsì funfun bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Àpápá, ìwé àwòrán kan sì wà lórí itan rẹ̀. Ẹkún náà kò ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ rárá, ohun tí púpọ̀ nínú wa kò lè fi yangàn.

"Sister, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Akin Èbúté ni."

Maro gbójú kúrò. Òun ló ń ya Akin Èbúté sínú ìwé láti 1989, òun ló sì pa á níbẹ̀. Akọni tó ń fi ọwọ́ kan gbé kọ̀ntẹ́nà, tí gbogbo ọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀, ló jẹ́ kí kọ̀ntẹ́nà wó lu òun kí àwọn ọmọ iléèwé lè sá jáde.

"Ìkà lẹni tó ya ìwé yìí."

"Ìkà pátápátá," ni Maro wí, ó sì ki ọwọ́ tí yíǹkì ti bà jẹ́ bọ àpò.

"Ẹ mú ọwọ́ yẹn jáde kí n rí i."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìfura. Tèmilọlá ni orúkọ rẹ̀, ó ń fi táípùráítà tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní wáàfù. Ohun tó sì kọ́kọ́ bi Maro nígbà tí wọ́n jọ jáde kì í ṣe bóyá ó ní ìyàwó.

"Ṣé ó máa jí?" ló bi í. "Mo mọ àwọn ìwé tó ń bá ẹrù tòkunbọ̀ dé. Akọni á kú, ayé á sunkún, tó bá dọdún tó ń bọ̀, á tún yọjú."

"Tèmi kò ní jí. Ikú téèyàn lè bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù, ikú wo nìyẹn? Àwọn ọmọ tó kú fún ńkọ́? Ó ti tàn wọ́n jẹ nìyẹn."

"Búra."

Maro búra. Ọjọ́ náà ni Tèmilọlá fọkàn tán an, díẹ̀.

Bàbá Tèmilọlá ló fà á tó fi jẹ́ díẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìròyìn dé pé ọkọ̀ ojú omi tó gbé bàbá náà ti rì, ìyá rẹ̀ sì wọ aṣọ dúdú. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ríṣí, aládùúgbò wọn, rí ọkùnrin náà lọ́jà Sapele. Ó pè é lórúkọ, onítọ̀hún wọ àárín èrò, ó pòórá. Ìyá Ríṣí sáré bọ̀ wálé: àkúdàáyà ni! Òkú tó lọ ń gbé ìlú mìíràn ni àkúdàáyà, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì pè é lórúkọ, kì í dúró. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá a lọ.

Ọdún gorí ọdún kí bàbá yìí tó wá kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ara líle, pé kí wọ́n dárí ji òun. Kò kú rárá. Ìyàwó tuntun ló ń bá gbé ní Sapele. Ìyá Tèmilọlá tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ọkùnrin tó bá kú tó tún padà dé," Tèmilọlá sọ fún Maro, "ó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán."

Maro fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó lọ sọ fún ìyá náà pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Ìyá wò ó tòkè tilẹ̀. "Urhobo. Ará ọ̀nà Sapele náà ni?" Àmọ́ wọ́n dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Mọ́rúfù tó ń tẹ ìwé fún Maro ló da ọ̀rọ̀ rú. Láti ìgbà tí Akin ti kú, ìwé kò tà mọ́. "Jí i," ni Mọ́rúfù wí, "àbí kí n wá ẹni tó máa jí i." Maro kò sọ fún Tèmilọlá. Bó bá ti wọlé, Maro á fi aṣọ bo tábìlì. Bó bá béèrè, á ní kò sí nǹkan.

Ara Tèmilọlá fu. Ó gbóòórùn ẹ̀wù Maro bóyá pọ́dà obìnrin mìíràn wà níbẹ̀, yíǹkì nìkan ló gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Maro jáde lọ ra mínírà fún un, Tèmilọlá sì ká aṣọ náà kúrò lórí tábìlì. Akin Èbúté ló rí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀, ara rẹ̀ le koko.

"O búra fún mi," ló wí bí Maro ṣe wọlé.

"Olólùfẹ́ mi, dúró, n kò tíì yà á tán—"

"Bàbá mi náà ní ká dúró gbọ́."

Ó lọ. Ó ní kí ìyá òun fagi lé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n lẹ pósítà kiri Ajégúnlẹ̀ dé Coconut pé AKIN ÈBÚTÉ TI DÉ, Tèmilọlá sì ń gbójú kúrò lára wọn bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Inú bí i, síbẹ̀ àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́, èyí tó tún bí i nínú jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Maro dé pẹ̀lú ìwé tuntun náà. Ìyá dí ẹnu ọ̀nà.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á."

Ìyá fi ojú ìfura gbà á, ó kà á lórí ìdúró. Nínú ìwé náà, Akin kanlẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò ó títí, ó wá pè é: "Akínwùmí, ọkọ mi." Akin pòórá, ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Obìnrin náà ká ẹ̀wù náà, ó kó o sápò, ó gba wáàfù lọ láti bá àwọn èèyàn gbé kọ̀ntẹ́nà tó wó.

Ìyá jókòó sórí àbáwọlé. "Àkúdàáyà," ló wí. "Eléyìí kú lóòótọ́." Ó fi gèlè nu ojú. "Tèmi, jáde wá."

Tèmilọlá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń kà á láti orí èjìká ìyá rẹ̀.

"Mọ́rúfù ní kí n mú un padà, mo mú un padà," ni Maro wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè jí i lẹ́yìn èyí."

"Kí ló dé tí o fi ń bò ó?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ilẹ̀kùn yín yìí ni mo ń yà, n kò sì gba àyè lọ́wọ́ yín."

Tèmilọlá ṣì ń wò ó láwòfín, n kò sì bá a wí. Maro ni gbogbo ayé ń pè é, Maro lòun náà ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Tèmilọlá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

"Oghenemaro."

Maro kò pòórá. Oòrùn ń wọ̀ ọ́ lójú. "Mo wà ńbí."

"Oghenemaro!"

"Abeg, ṣé gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ni? Mo ṣì wà ńbí."

Ìyá dìde, ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ ọmọ rẹ̀ lè wọlé.