Ohun Tí Àwọn Òǹwòran Kọ

Igba àga ni ọkùnrin kan tò sínú gbọ̀ngàn. Ó tò wọ́n gún régé, ó wá dúró láàárín wọn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ti gbó lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó lọ̀ ọ́ débi pé etí rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ọmọ mi obìnrin ti rí i. Òun ló ń ṣí gbọ̀ngàn náà, òun ló ń tì í, òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ń gbálẹ̀; Onílẹ̀kùn ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó wo ọkùnrin náà títí, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga kúrò.

Ọkùnrin náà bi í pé kí ló dé.

"Ẹ má bínú," ni Onílẹ̀kùn wí. "Ẹni tó bá jókòó láàárín àga òfo máa ń rò pé òun ṣìnà wá ni. Àádọ́ta ti tó."

"Ta ló sọ fún yín pé èèyàn ò ní í wá?"

"Ó di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbálẹ̀ ibí. Ilẹ̀ ló sọ fún mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá a gbé àga. Àwọn kan a máa pàdé níbi ijó. Nídìí ẹrù rírù ni àwọn tèmi ti pàdé.

Fíìmù kékeré kan ló fẹ́ fi han àwọn èèyàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú méjìdínlógún péré. Ẹ̀rọ àyálò ni wọ́n fi yà á, nínú ilé tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Òun ló kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Òǹkọ̀wé; òun náà ló ṣeré inú rẹ̀: ìtàn ọkùnrin kan tó ń kọ ìtàn fíìmù, tí ẹnì kan kì í sì í rà á. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn ẹ̀dọ̀fóró ní yàrá kejì nígbà tí wọ́n ń yà á. Ikọ́ rẹ̀ wọ inú fíìmù náà, wọn ò sì rí i yọ. Gbogbo ìgbà tí Òǹkọ̀wé bá gbé bírò, bàbá á wúkọ́.

Ẹni mẹ́tàlélógójì ló wá. Èmi ló ṣe ìkẹrìnlélógójì. Onílẹ̀kùn ló mú mi lọ kí àga lè kún, mo sì kún un dáadáa, nítorí ìdí tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ẹgbẹ́ àga kan. Kí n má parọ́, mo sùn. Wọ́n ní mo hanrun. Ti àwọn tó lajú sílẹ̀ tún burú ju tèmi lọ. Nígbà tí bàbá kọ́kọ́ wúkọ́, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń retí ikọ́ náà bí ẹni ń retí àwàdà. Òǹkọ̀wé fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ẹ̀yìn orí wọn.

Ó ti pín bébà kéékèèké àti pẹ́ńsùlù fún wọn kí olúkúlùkù lè kọ ohun tó rò nípa fíìmù náà, kó sì jù ú sínú korobá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n tú ká, kò lè yẹ korobá náà wò. Ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ lo oògùn aago márùn-ún, pé kí Onílẹ̀kùn bá òun tọ́jú ìwé náà di ọ̀la.

Ọmọ mi gbé korobá wálé. Lórí tábìlì, nírọ̀lẹ́, a kà á. "Kí arákùnrin yìí lọ wáṣẹ́." "Ìṣẹ́jú méjìdínlógún yìí gùn ju ọdún mi lọ." "Bàbá tó ń wúkọ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín." "Ìyá tó ń hanrun lẹ́yìn ló dára jù." Mo rẹ́rìn-ín sí èyí títí ìhà fi ń dùn mí. Onílẹ̀kùn ò rẹ́rìn-ín. Ó gé bébà tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn.

Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀. N kò ní í fi ọmọ sílẹ̀ kó dá a rù. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kọ díẹ̀. Èmi ni mo kọ ti àwọn àgbàlagbà, nítorí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo hùmọ̀ èyí tó ní, "Mo sunkún, mo sì lọ bẹ àbúrò mi." Inú mi dùn sí i bí ẹni bímọ. Mo rò pé oore là ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Òǹkọ̀wé ka gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, ó sì kọjú sí ògiri kí ọmọ mi má bàa rí ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá lójoojúmọ́. Ó ń bá a gbálẹ̀, ó ń gbá a burúkú, ọmọ mi á sì tún un gbá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń pè é ní Ọ̀gá Onílẹ̀kùn. Òun náà ń bi í bóyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ò tíì bẹ̀ ẹ́ fún ìsinmi rí. Nígbà tí oṣù fi pé, àwọn méjèèjì ò lè jẹun kí wọ́n má wo ojú ọ̀nà. Mo ń rí i, mo ń dibọ́n pé ojú mi ti fọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kan ti fún Òǹkọ̀wé níṣẹ́ nígbà náà, kó máa yẹ ìwé wò kó tó wọ ẹ̀rọ. Ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́tàlélógójì ń sọ ohun mìíràn fún un. Ó fẹ́ gbé fíìmù náà àti ìwé náà lọ sí ìlú ńlá, kó fi han àwọn onísinimá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú bàbá, sọ fún un pé èémí bàbá ti ń kúrú. Òǹkọ̀wé wá bá ọmọ mi.

"Sọ òótọ́ fún mi, olólùfẹ́. Ṣé kí n lọ?"

Onílẹ̀kùn rí àwọn ìwé tó yọrí nínú àpò rẹ̀.

"Máa lọ," ló wí.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti lọ ni bàbá kú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pe Òǹkọ̀wé. Ó ti ta fóònù rẹ̀ kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nínú ìlú ńlá. Ẹni tó ní sùúrù jù nínú àwọn onísinimá wo ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ka ìwé díẹ̀, ó sì ní àwọn ará ibi tó ti wá láàánú gan-an ni. Ọjọ́ kejìlélógún ló padà, wọ́n ti sin bàbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé bàbá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pé lẹ́yìn náà ó ń béèrè ẹni tó ti fèrèsé, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí àwo tó ń fọ̀.

Mo sọ fún ọmọ mi pé òkú ti wọlẹ̀, kí òótọ́ yẹn náà bá a wọlẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó kó àwọn ìwé gidi dání, ó lọ bá a, ó sì jẹ́wọ́.

Òǹkọ̀wé ka mẹ́tàlélógójì náà, kò fo ìkankan.

"Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló sọ fún mi pé kí n jókòó sílé," ló wí. "O sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Kò gbé ohùn sókè. Ó bá a ṣí ilẹ̀kùn kó lè jáde.

Oṣù méje ni wọn ò fi ríra. Òǹkọ̀wé gba iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Ọmọ mi gbẹ. Ó ń gbálẹ̀ tó ti gbá. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo gba ilé ìtẹ̀wé lọ, mo sì kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ ò ní í lè dìde." Òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin méjì ló gbé mi sókè, ọ̀kan ṣì ń di ẹ̀gbẹ́ mú bí mo ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún mi. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Àmọ́ n kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ràn mi, ṣé bó ṣe fẹ́ràn fíìmù yẹn náà ni?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé fún ẹni tó ni ín.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Òǹkọ̀wé wọ inú gbọ̀ngàn láàárọ̀, ó gbé ìtàn tuntun kan sórí tábìlì, ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní kí Onílẹ̀kùn kà á. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọjọ́ orí kò wo àìsàn òfófó. Ọmọ mi kà á, ó pẹ́. Mo ń gbàdúrà kó sọ pé ó dára, àgbàlagbà ọ̀dàlẹ̀ tí mo jẹ́.

"Kò dára," ló wí. "Ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò sọ nǹkan kan. Obìnrin inú ẹ̀ ò níṣẹ́ méjì ju ẹkún lọ. O sì sá fún ikú bàbá náà. Ó kàn kú, bí ẹni jáde lọ ra nǹkan."

Ojú Òǹkọ̀wé le koko. "Ṣé kò sí ohun tó dára nínú ẹ̀?"

"Ojú ìwé kan. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fọ àwo."

Mo rò pé Òǹkọ̀wé yóò kó ìwé rẹ̀ lọ. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ò tíì kúrò nínú mi. Bóyá kò ní í kúrò. Bí a bá fẹ́ra, yóò máa bá wa gbélé."

"Kó máa bá wa gbé e," ni Onílẹ̀kùn wí.

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n Òǹkọ̀wé ní Sátidé pé àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. Kò dá wọn lóhùn. Wọ́n padà lọ ní Sátidé kejì, kò tún dá wọn lóhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó, nítorí òun ní láti gba ààyè níbi iṣẹ́.